Ẹgbẹ́ Eléré Tó Ń Kọ Orin Olórin: Ohun Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá

Èmi ni mò ń tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ wa. Orin olórin là ń kọ: orin tí ayé ti gbọ́, tí wọ́n sì tún fẹ́ gbọ́. Tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé báyìí, kí a tó ká wáyà tán, àwọn kan á ti yí wa ká, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi wá. Mo kó wọn jọ síbí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mọ́ mi, màá sọ ọ́ gùn. Níbi tí kò bá sí nǹkan púpọ̀, màá tètè kọjá.

Kí ló dé tí ẹ kò kọ orin tiyín?

Ìbéèrè yìí ló máa ń ṣáájú, ẹni tó ń bi wá kì í sì í mọ̀ pé ó ń ta ni lára díẹ̀. Onígìtá wa ní orin tirẹ̀ rẹpẹtẹ nínú fóònù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ká ṣẹ̀dá orin, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ká gbé orin tí tọmọdé tàgbà ti mọ̀ wá sójú agbo, kí ara wọn sì tún yá gágá bí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ka ìtàn fún ọmọdé kó tó sùn kọ́ ló kọ ìwé náà, síbẹ̀ ọmọ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń pe ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀ ń pè ní aṣẹ̀dá orin lónìí, ibi tí a wà yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1960 títí di oṣù Kejìlá ọdún 1962, ìgbà márùn-ún ni àwọn Beatles, ẹgbẹ́ eléré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ ṣeré nílùú Hamburg lórílẹ̀-èdè Jámánì. Wákàtí gbọọrọ ni wọ́n fi ń ṣeré lálẹ́ kan, orin olórin ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kọ. Nígbà tí àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1963, orin 14 ló wà nínú rẹ̀, 6 nínú wọn kì í ṣe tiwọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún náà, ni wọ́n gba 10 nínú àwọn orin yẹn sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sí ìparí pátápátá, nítorí pé ó máa fa ohùn John Lennon, ọ̀kan nínú wọn, ya, orin olórin ni. Ẹ wá sọ fún mi pé ọ̀lẹ ló ń kọ orin ẹlẹ́ni.

Ṣé kì í ṣe àfarawé lásán ni?

Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ pé olórin kan ṣoṣo ni wọ́n ń fara wé, tirun taṣọ, títí kan bó ṣe ń rìn. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Tiwa yàtọ̀.

Otis Redding, olórin ará Amẹ́ríkà, gbé orin "Respect" jáde lọ́dún 1965. Ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun nílé. Nígbà tó di 1967, Aretha Franklin, olórin ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, mú orin kan náà, ó gbé e sẹ́nu obìnrin, ó fi ibi tí wọ́n ti ń pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan kún un, Erma ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Carolyn àbúrò rẹ̀ sì ń gbè é. Ẹ̀bẹ̀ di àṣẹ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkùnrin ló kọ́kọ́ kọ ọ́.

A kò sọ pé a tó Aretha o. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń wá nínú orin nìyẹn: ibi tí ààyè ṣì kù. Nínú orin kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta la kì í fọwọ́ kàn. Àkọ́kọ́ ni ìró ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń dá orin náà mọ̀. Ìkejì ni ègbè tí wọ́n máa bá wa gbè. Ìkẹta ni ibi tí gbogbo ìlù ti máa ń dákẹ́ lójijì, tí àwọn oníjó ti ń dúró dè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ba ìkẹta yẹn jẹ́, ojú tí wọ́n máa fi wò ó kò ní dára. Ìyókù, tiwa ni.

Ṣé ẹ máa ń gba àṣẹ kí ẹ tó kọ orin ẹlẹ́ni?

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn. Lọ́dún 1847, ọkùnrin kan tó ń kọ orin, Ernest Bourget, lọ jókòó sí ilé ìgbafẹ́ kan nílùú Paris. Ó gbọ́ tí wọ́n ń fi orin tirẹ̀ dá àwọn oníbàárà lára yá. Nígbà tí wọ́n ní kó sanwó ohun tó mu, ó ní òun kò san: wọ́n ń lo orin òun láìsanwó, òun náà á mu tiwọn láìsanwó. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ó sì jàre. Lọ́dún 1851 wọ́n dá ẹgbẹ́ SACEM sílẹ̀ nílẹ̀ Faransé láti máa gba owó orin fún àwọn tó ni ín. ASCAP ní Amẹ́ríkà àti PRS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì lọ́dún 1914.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹni tó ni gbọ̀ngàn tàbí ilé ìgbafẹ́ ló máa ń sanwó ìwé àṣẹ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa tí à ń kọrin. Iṣẹ́ tiwa ni láti kọ orúkọ àwọn orin tí a kọ sílẹ̀ bí wọ́n bá béèrè, kí owó lè dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Tó bá di ká gba ohùn sílẹ̀ fún títà, tàbí ká gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ tìyẹn yàtọ̀, òfin ilẹ̀ kan kò sì jọ ti èkejì. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Orin mélòó lẹ mọ̀?

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Abala eré kan sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 45. Tí orin kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, orin 11 nìyẹn. Abala mẹ́ta lálẹ́ kan, orin 33. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá kó orin 33 péré lọ sóde ti fi ara rẹ̀ sínú ewu, torí pé kì í ṣe àwa la máa yan ohun tí agbo fẹ́ jó. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ló yẹ kó wà nílẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta sì ni ká mọ orin. Òmíràn wà tí a lè kọ lójú oorun. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo nínú wa ló mọ̀ ọ́n, tí àwọn tó kù á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n tí gbogbo wa ti gbọ́ ọ lórí rédíò títí tó fi wọ̀ wá lára. Ẹ̀kẹta yìí ló ń fi ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ hàn. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ máa wo ojú oníbáàsì wa. Bó bá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ ibi tí à ń lọ.

Báwo lẹ ṣe ń kọ́ orin tuntun?

Olúkúlùkù á gbọ́ ọ nílé títí tó fi lè sọ ìtò rẹ̀ láìwo ìwé: bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ mélòó ló ní, ibi tí ègbè wà, ibi tó ti yà, bó ṣe parí. Báàsì la máa ń kọ́kọ́ fetí sí, torí ohùn ìsàlẹ̀ ló ń sọ kóòdù (àwọn ìró tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tó wà lókè fún wa. Tí a bá wá pàdé, a kì í kọ orúkọ kóòdù sílẹ̀, nọ́ńbà la máa ń kọ. Dò ni 1, fá ni 4, sò ni 5. Ẹni tó bá ti kọ́ dò-rè-mí nínú ẹgbẹ́ akọrin rí ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nashville ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀nà iṣẹ́, ní apá ìparí àwọn ọdún 1950. Neal Matthews tó wà nínú àwọn akọrin Jordanaires ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Charlie McCoy sì mú un gbòòrò láàárín àwọn eléré tó ń gba orin sílẹ̀ níbẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé bí olóhùn bá ní ọ̀fun ń dun òun lálẹ́ yìí, ká gbé orin wálẹ̀ díẹ̀, kò sí nǹkan kan tí a máa tún kọ. 1 ṣì ni 1.

A kì í kọ́ ju orin tuntun mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá ti di márùn-ún, ìkẹrin á gbé ìkejì mì.

Kí ló dé tí ohùn orin yín kì í bá ti inú àwo mu?

Nítorí pé ọ̀fun ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọn ti inú àwo. Àwọn àgbà ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Orin olórin rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, a gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Tí obìnrin bá fẹ́ kọ orin tí ọkùnrin kọ sínú àwo, a lè ní láti ṣí i nípò tó bí ìgbà tí dò di fá, tàbí tí dò di sò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní kíì, ìyẹn ìró tí a fi ṣe dò orin, tó fẹ́ràn. Onígìtá fẹ́ E àti A, torí níbẹ̀ ni okùn tí kò fọwọ́ tẹ̀ ti ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ń fọn sasofóònù alto, ìwé tirẹ̀ yàtọ̀: tí a bá wà ní E, C ṣáápù ni òun wà, ṣáápù 7, ìyẹn ìró tí wọ́n gbé sókè díẹ̀, ló wà nínú ìyẹn, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Tí a bá bọ́ sí E fúláàtì, ìyẹn E tí wọ́n gbé wálẹ̀ díẹ̀, òun wà ní C, ayé rẹ̀ dùn. Onígìtá ló kù tó fajú ro, tó ń wá kápò, nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń di okùn gìtá mú kí ohùn rẹ̀ lè gòkè, nínú àpò. Èmi ní bọ́tìnnì kan lórí dùùrù tó lè gbé gbogbo ohùn sókè tàbí wálẹ̀ fún mi. Mo lò ó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbàgbé láti dá a padà, orin tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀: èmi ní kíì kan, àwọn tó kù ní òmíràn, olóhùn láàárín wa bí ẹni tí ọkọ̀ méjì ń pè. Láti ọjọ́ yẹn, ìka mi ni mò ń lò.

Ṣé lóòótọ́ lẹ lè ṣe irú orin gbogbo?

Irọ́ ni tí a bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ráàpù tó bá yára jù ń dá wa láàmú, ọpẹ́rà kì í ṣe ọ̀nà wa rárá. Ṣùgbọ́n ìyókù, a máa ń gbìyànjú.

Àwọn ènìyàn rò pé olóhùn ló ń sọ ẹgbẹ́ di èyí tó lè ṣe oríṣiríṣi orin. Onílù àti oníbáàsì ni. Ẹ ka 1-2-3-4. Nínú rọ́ọ̀kì àti sóòlù tó pọ̀, ìlù tó ń dún ṣán yẹn máa ń bọ́ sórí 2 àti 4. Nínú rẹ́gẹ̀ irú èyí tí wọ́n ń pè ní one drop, 1 á ṣófo, ìlù ẹsẹ̀ àti tọwọ́ á jọ wó lulẹ̀ lórí 3. Nínú jáàsì, tí wọ́n bá dá ìlù kan sí méjì, ìlàjì àkọ́kọ́ gùn ju ìkejì lọ. Nínú wọ́ọ̀sì, 1-2-3 ló mọ, kò sí 4 níbẹ̀. Tí onílù bá fi ẹsẹ̀ rọ́ọ̀kì lu rẹ́gẹ̀, kí olóhùn máa kọrin bí áńgẹ́lì, agbo á mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe orin yìí, wọn ò kàn ní mọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n á rọra máa jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tony Allen, tó lu ìlù fún Fela láti 1964 títí dé apá ìparí àwọn ọdún 1970, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì lè máa sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láìjà. Ó ti tẹ́tí sí àwọn onílù jáàsì bí Art Blakey àti Max Roach, ó sì gbé èyí tó gbọ́ lọ́dọ̀ wọn pọ̀ mọ́ highlife tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Onílù wa fi ọ̀pọ̀ oṣù dá a wò. Ọwọ́ gbà, ẹsẹ̀ ọ̀tún gbà. Ẹsẹ̀ òsì ló kọ̀.

Àwọn wo ló ti pẹ́ jù nínú ẹgbẹ́?

Àwa mẹ́rin. Onílù lágbà wa. Ilé rẹ̀ la ti ń dánrawò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì wà lára ìdí tí kò fi sẹ́ni tó lè lé e. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí inú bá ń bí i, ìlù ẹsẹ̀ ló máa fi sọ ọ́, gbogbo wa á sì gbọ́.

Oníbáàsì la máa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe pé ó jù wá lọ lọ́jọ́ orí o, òun ló máa ń parí ìjà. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe lọ́sàn-án, ẹ wá mọ ìdí tí owó ẹgbẹ́ wa kì í fi í sọnù.

Olóhùn wa wá nígbà tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú kó lọ síbòmíràn. Ó ní òde méjì péré lòun máa bá wa ṣe, kí a tó rí ẹlòmíràn. A ò tíì ka èkejì títí di òní.

Ìkẹrin ni èmi. Onígìtá àti ẹni tó ń fọn sasofóònù náà ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ni onílù ṣì ń pè wọ́n.

Kí ló ń mú kí ènìyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan?

Owó kọ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Harry Carney wọ ẹgbẹ́ Duke Ellington, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, lọ́dún 1927, kò sì kúrò títí Ellington fi kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1974. Òun náà tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Nígbà tí àwọn yòókù bá wọ bọ́ọ̀sì, Carney ló máa ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé Ellington láti òde kan dé òmíràn. Lekan Animashaun náà wà pẹ̀lú Fela láti ìgbà Koola Lobitos, ẹgbẹ́ tí Fela ní tẹ́lẹ̀, lọ́dún 1965 títí Fela fi kú lọ́dún 1997, lẹ́yìn náà ó tún dúró ti Ṣeun ọmọ Fela nínú Egypt 80. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì: sasofóònù baritone ni wọ́n ń fọn, gbàǹgbà irin tó ń dún nísàlẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá gbà láti máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri kò lè jẹ́ ẹni tí nǹkan tètè ń sú. Mo sì tún rò pé ẹni tó bá yan ohùn ìsàlẹ̀ ti mọ̀ láti ilẹ̀ pé kì í ṣe òun ni agbo máa pe orúkọ rẹ̀. Ayọ̀ tirẹ̀, inú ẹgbẹ́ ló ti ń wá.

Tiwa, màá fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Tí olóhùn wa bá fẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì, ó máa ń mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó la ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ títí mo fi sọ fún un. Tí mo bá ti gbọ́ èémí kejì yẹn, mo máa ń tẹ ìró ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà sí i létí, wẹ́rẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ á sì padà sẹ́nu rẹ̀. Agbo á rò pé mò ń ṣe oge lórí dùùrù ni. Eléré tó mọṣẹ́ dáadáa lè wá lónìí kó mọ gbogbo orin wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èémí kejì yẹn, kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Kí ni àwọn àmì ọwọ́ tí ẹ máa ń ṣe síra yín?

Ẹnìkan ti bi wá rí bóyá ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wá. Kíì là ń sọ fúnra wa. Ìka sókè, iye ṣáápù tó wà nínú kíì ni: ìka kan jẹ́ G, méjì jẹ́ D, mẹ́ta jẹ́ A, mẹ́rin jẹ́ E. Ìka sísàlẹ̀, iye fúláàtì ni: ọ̀kan jẹ́ F, méjì jẹ́ B fúláàtì, mẹ́ta jẹ́ E fúláàtì. Ọ̀pọ̀ eléré láyé ló ń lò ó, kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Tí ẹnìkan bá fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀, kò sí kòkòrò níbẹ̀. Ó ní ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin. Tó bá di ẹ̀ṣẹ́ sókè, ìparí ti dé. Lọ́dọ̀ tiwa, tí Ẹ̀gbọ́n bá bọ gíláàsì rẹ̀, orin yìí ti gùn jù.

Ṣé ẹ máa ń jà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ohùn tó ga jù ni, nígbà gbogbo. Onígìtá kò gbọ́ ara rẹ̀, á yí ohùn sókè. Èmi náà kò wá gbọ́ tèmi mọ́, mo yí i sókè. Onílù á fi agbára kún un. Ìdajì wákàtí, olóhùn ti ń pariwo bí ẹni tó ń pe ènìyàn lódìkejì odò. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé a fi bọ́tìnnì ohùn gbogbo wa sábẹ́ àkóso ẹnìkan tó dúró láàárín agbo, tí kì í ṣe eléré. A bínú sí i fún ìgbà díẹ̀.

Lórí owó, a kì í jà. Ọgbọọgba là ń pín in, a sì yọ ìpín kan sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ohun èlò. Àwọn ẹgbẹ́ tí mo rí tó tú ká, ìpín owó ló tú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe orin.

Tí ẹnìkan kò bá lè wá ńkọ́?

A ní àwọn tí a máa ń pè. Ẹni tó dára jù láti fi rọ́pò kì í ṣe ẹni tó mọṣẹ́ jù, ẹni tó ti ń gbọ́ wa tipẹ́ ni. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú ZZ Top, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, kò yí padà láti 1970 títí di 2021. Nígbà tí ara Dusty Hill, oníbáàsì wọn, kò yá mọ́ ní oṣù Keje ọdún 2021, Elwood Francis, tó ti ń tọ́jú gìtá fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni Hill ní kí wọ́n fi sí ipò òun. Hill kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, Francis sì ń bá eré lọ. Ọkùnrin náà ti gbọ́ gbogbo orin yẹn láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ní àìmọye alẹ́.

Ṣé ariwo yín kì í ba etí jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́, tiwa ṣáájú tiyín. NIOSH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, fi ààlà sí i ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 85 fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Tí ohùn bá fi 3 lé sí i, àkókò á dín sí ìdajì: 88, wákàtí mẹ́rin, 91, wákàtí méjì, 94, wákàtí kan. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni, ìtàgé tí ìlù àti gìtá wà sì lè dé ibẹ̀ láìsí wàhálà. Gbogbo wa ló ń ki nǹkan sí etí nísinsìnyí. Onílù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Etí òsì rẹ̀, tó máa ń kọjú sí irin pẹlẹbẹ tó ń lù, máa ń hó lóru. Tí ẹ bá mú ọmọdé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dúró níwájú sípíkà.

Ṣé mo lè béèrè orin?

Ẹ lè béèrè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé péńpé, kẹ́ ẹ fi síwájú mi láàárín orin méjì. Ẹ má bá olóhùn sọ̀rọ̀ nígbà tó ń kọrin lọ́wọ́. Ẹ má sì gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni òde.

Orin wo ló ti sú yín?

N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó lè jẹ́ òun lẹ fẹ́ràn jù. Ó wà ṣá. Gbogbo òde la ti ń kọ ọ́. Láti má bàa sùn, àwa eléré dá eré kékeré kan sílẹ̀: lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan nínú wa gbọ́dọ̀ fi ìró kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, àwọn tó kù á sì máa wá a. Nípa bẹ́ẹ̀, orin tó sú wa jù ni gbogbo wa ti ń tẹ́tí sílẹ̀ jù.

Ṣé èmi náà lè dara pọ̀ mọ́ yín?

Tí ààyè bá ṣí. A máa fún yín ní orin mẹ́ta kẹ́ ẹ kọ́. Tẹ́ ẹ bá dé, a máa yí kíì ọ̀kan nínú wọn padà lójú ẹsẹ̀, a ó sì sọ fún yín láàárín òmíràn pé kẹ́ ẹ dákẹ́ fún ẹsẹ kan gbáko. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Onígìtá kan wá rí tí ìka rẹ̀ ń sáré ju ti ẹnikẹ́ni tí mo ti rí lọ. A ní kó dákẹ́, ó dín ohùn kù, kò dákẹ́. Onílù wò mí, mo wo Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n bọ gíláàsì.

Eélòó ni ẹ máa ń gbà?

Ó dá lórí bí ọ̀nà ṣe jìn tó, wákàtí mélòó lẹ fẹ́, àti ta ló máa mú sípíkà wá. A máa ń gba ìdajì sílẹ̀, ìyókù kí a tó gun ìtàgé.

Ṣé a lè bá yín kó ẹrù?

Inú wa á dùn. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la máa ń gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ìlù, torí òun ló pọ̀ jù, ẹni tó ni ín kì í sì í sọ pé ó ti rẹ òun. Ẹ má fọwọ́ kan àpótí dúdú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Ti sasofóònù ni, kò sì sí nínú wa tó ní àṣẹ láti gbé e.